Bí A Ṣe Ń Da Ẹ̀yà Áírísì Inú Omi Pọ̀ Nínú Ọgbà Ilé

Áírísì inú omi jẹ́ òdòdó tí ó ń gbé etí odò, inú àbàtà àti adágún tí kò jìn. Bí ẹ bá gbin ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ sínú ọgbà kan, oyin yóò máa gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti orí èyí dé orí ìyẹn, ṣùgbọ́n oyin kì í yan òbí, kì í sì í kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ mú òdòdó tuntun jáde ni láti yan ìyá, kí ó yan bàbá, kí ó dí oyin lọ́nà, kí ó sì lè sọ ní ọdún kẹta ibi tí òdòdó tí ó wà níwájú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Yíyan òbí ni ó gba ìrònú jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìkánjú ṣe.

Àwọn tí ó lè di òbí

Márùn-ún ni ọlọ́gbà sábà máa ń bá pàdé nínú àwọn ẹ̀yà tí ó fẹ́ràn omi. Iris pseudacorus ni olódòdó ìyeyè tí ó ti Yúróòpù, ìwọ̀-oòrùn Éṣíà àti àríwá Áfíríkà wá. Iris versicolor àti Iris virginica ń tan òdòdó aláwọ̀ aró tàbí elésè àlùkò, apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá sì ni ilé wọn. Iris laevigata àti Iris ensata jẹ́ ti ìlà-oòrùn Éṣíà. Ọjọ́ ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Japan ti ń ṣa ensata yàn láti ìran dé ìran, ìdí sì nìyẹn tí òdòdó rẹ̀ fi fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ìdílé mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Louisiana àti agbègbè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí a ti rí Iris fulva olódòdó pupa, Iris giganticaerulea tí ó ga, àti Iris brevicaulis tí kò ga púpọ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè bímọ fún ara wọn. Kírómósómù, ìyẹn àwọn okùn tínrín inú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé àbùdá òbí lọ sára ọmọ, ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Iris ensata ní 24, laevigata ní 32, pseudacorus ní 34, virginica ní nǹkan bíi 70, versicolor sì ní 108. Ìdajì iye tí òbí kọ̀ọ̀kan ní ni ọmọ máa ń gbà. Nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà tí ó fẹ́ ṣe ìyẹ̀fun tàbí ẹyin tirẹ̀, kírómósómù tí ó gbà láti ara ìyá gbọ́dọ̀ rí èkejì rẹ̀ láàárín èyí tí ó gbà láti ara bàbá, kí méjèèjì lè jọ tò ní méjìméjì. Bí iye wọn tàbí ìrísí wọn bá jìnnà síra, wọn kò ní tò dáadáa, ọmọ náà yóò sì yàgàn, bí ó tilẹ̀ ń dàgbà dáadáa tí ó ń tanná lọ́dọọdún.

Versicolor fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé irú ìdàpọ̀ yìí lè ṣẹlẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀. Ní ọdún 1936, Edgar Anderson, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ó jọ pé ìdàpọ̀ virginica àti ẹ̀yà mìíràn, Iris setosa, ni versicolor ti wá, pé gbogbo kírómósómù àwọn méjèèjì ni ó sì kó mọ́ra: setosa ní 38, virginica ní 70, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 108 gẹ́lẹ́. Nítorí ìbátan yìí ni mo ṣe máa ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ da versicolor àti virginica pọ̀. Àwọn ọmọ wọn, tí a ń pè ní Iris × robusta, máa ń lágbára ju òbí méjèèjì lọ. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni ‘Gerald Darby’, tí ìdí ewé rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ elésè àlùkò tí ó dúdú nígbà tí ó bá ń rú láti inú omi. Ìdílé Louisiana náà rọrùn fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé iye kírómósómù wọn sún mọ́ra, láàárín 42 sí 44, àwọn ọmọ wọn sì máa ń so èso, èyí tí ó fún ọlọ́gbà láyè láti tún dà wọ́n pọ̀ ní ìran kejì àti ìkẹta. Nínú odò àti àbàtà Louisiana, wọ́n ti ń da ara wọn pọ̀ tipẹ́. Ẹ má kàn retí pé fulva yóò bímọ fún pseudacorus tàbí ensata, nítorí ìdílé méjèèjì jìnnà síra.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìdàpọ̀ tí ó le wà. Tony Huber ní Kánádà da versicolor àti ensata pọ̀, ó sì rí ọmọ tí ó ní agbára versicolor pẹ̀lú òdòdó tí ó tẹ́ rẹrẹ. Tomas Tamberg ní Jámánì da versicolor àti laevigata pọ̀, láti ibẹ̀ ni ‘Berlin Versilaev’ ti wá. Hiroshi Shimizu ní Japan mú pseudacorus ṣe ìyá, ó mú ensata ṣe bàbá, ó sì rí òdòdó tí àwọ̀ dúdú yí ojú rẹ̀ ká bí ẹni tí ó lé tìróò. Púpọ̀ nínú àwọn ìdàpọ̀ Shimizu wọ̀nyí ni ó yàgàn, ewé wọn sì máa ń pọ́n díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, nítorí pé ohun tí ó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ kò bára mu dáadáa láàárín òbí méjèèjì.

Mi ò ka yíyàgàn sí àbùkù rárá. Pseudacorus jẹ́ ewéko tí ó lè gba etí odò lọ́wọ́ gbogbo ohun tí ó bá níbẹ̀. Kóró rẹ̀ ń léfòó lọ sí ibi tí ó jìnnà, ìdí rẹ̀, ìyẹn apá tí ó wú tí ó ń rákò ní ilẹ̀, sì lè ta gbòǹgbò níbòmíràn bí ó bá já sínú omi. Nítorí èyí ni òfin fi ka títà rẹ̀ léèwọ̀ ní New Zealand àti ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ kí ẹ tó gbìn ín. Ọmọ tí ó ní ẹwà bàbá àti agbára ìyá, ṣùgbọ́n tí kò ní kóró tí ó lè sá lọ sínú odò, jẹ́ ohun rere fún ọgbà.

Mímọ ara òdòdó náà

Ẹ já òdòdó kan, kí ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Ewé òdòdó mẹ́ta ni ó tẹ́ síta tí ó sì tẹrí ba, orí wọn ni oyin ń bà lé. Mẹ́ta mìíràn nàró láàárín wọn, àmọ́ nínú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà inú omi, àwọn wọ̀nyí kéré. Lókè ewé kọ̀ọ̀kan tí ó tẹrí ba, apá kan wà tí ó jọ ewé òdòdó, tí ó sì ṣíji bò ó bí òrùlé. Apá mẹ́ta yìí jẹ́ ara ìyá. Ní abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, ètè kékeré kan yọ síta. Ètè yìí ni ó ń gba ìyẹ̀fun, ojú tí ó kọjú sí òde ni ó sì ń gbà á, kì í ṣe èyí tí ó kọjú sí inú. Ẹni tí ó bá fi ìyẹ̀fun pa gbogbo ara òdòdó náà ṣùgbọ́n tí kò kan ètè yìí, asán ni iṣẹ́ rẹ̀. Àpò ìyẹ̀fun, tí ó gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, fara pamọ́ sẹ́yìn ètè náà lábẹ́ apá kan náà. Ilé ọmọ wà nísàlẹ̀ gbogbo èyí, níbi tí òdòdó ti so mọ́ igi rẹ̀. Ó ní yàrá mẹ́ta, ibẹ̀ sì ni èso yóò ti wú.

Bí wọ́n ṣe tò ó yìí kì í ṣe lásán. Bí oyin bá ń wọlé láti òde, ètè náà yóò há ìyẹ̀fun tí ó gbé láti ibòmíràn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ṣáájú kí ó tó fara kan àpò ìyẹ̀fun òdòdó yẹn. Bí ó bá sì ń padà jáde, ẹ̀yìn ètè ni yóò kàn, kò sì ní fi ìyẹ̀fun sí ibi tí ó ń gbà á.

Dídà wọ́n pọ̀

Àwọn ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ẹ̀mú kékeré, àlùmọ́gàjí, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, káàdì tí omi kò lè bà jẹ́, pẹ́ńsù, òwú, àti ìwé àkọsílẹ̀. Pẹ́ńsù sàn ju bírò lọ, nítorí pé oòrùn àti òjò máa ń pa bírò rẹ́ kí èso tó gbó. Bí omi ara áírísì bá máa ń mú ara yín yún, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ wá òdòdó ìyá tí yóò là ní ọjọ́ kejì. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ti jáde pátápátá, ó ti wú, ṣùgbọ́n ó ṣì wé mọ́ra. Ìrọ̀lẹ́ tàbí àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ ṣe é, kí oyin tó jí. Ẹ rọra ṣí i, kí ẹ já gbogbo ewé òdòdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò, kí ẹ sì fi ẹ̀mú yọ àpò ìyẹ̀fun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó là. Báyìí ni ẹ ti tẹ òdòdó náà lọ́dàá, kò sì lè fún ara rẹ̀ lóyún mọ́. Nítorí pé kò sí ibi tí oyin lè bà lé mọ́, ó sábà máa ń fò kọjá, àmọ́ bí oyin bá pọ̀ ní àyíká yín, ẹ fi àpò àwọ̀n fẹ́lẹ́ tàbí àpò bébà bò ó. Ẹ máa ṣọ́ra kí ẹ má ṣẹ́ apá mẹ́ta tí ó kù.

Ẹ mú àpò ìyẹ̀fun láti ara bàbá ní òwúrọ̀, bí ó bá ṣe ń là, kí oyin tó dé orí rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun bá ti gbẹ tí ó sì ń yọ́ sílẹ̀, ẹ di àpò náà mú pẹ̀lú ẹ̀mú kí ẹ sì fi pa ojú òde ètè ìyá, lórí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí tí ẹ óò fi rí i pé ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ọn. Ètè tí ó ti ṣetán máa ń rin díẹ̀, ó sì máa ń ya ara rẹ̀ kúrò lára apá. Bí kò bá tíì yà, ẹ dúró títí di ọ̀sán tàbí ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi ìyẹ̀fun pa á. Èmi máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ tí ètè ṣí àti ní ọjọ́ kejì, pàápàá nínú àwọn ìdàpọ̀ tí ó le. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ kò dára, nítorí omi máa ń ba ìyẹ̀fun jẹ́. Ọjọ́ tí ó móoru díẹ̀ ni ó dára jù.

Ẹ so káàdì mọ́ igi òdòdó náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sọ pé ẹ óò so ó tí ẹ bá parí àwọn yòókù. Orúkọ ìyá ni à ń kọ́kọ́ kọ, a ó fi àmì × tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orúkọ bàbá àti ọjọ́: *versicolor × ensata* kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú *ensata × versicolor*. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé ìdàpọ̀ kan lè ṣẹlẹ̀ dáadáa ní ọ̀nà kan kí ó sì kọ̀ pátápátá ní ọ̀nà kejì. Níbi tí ààyè bá wà, ẹ gbìyànjú méjèèjì.

Ìṣòro kan tí ó máa ń yọjú ni pé àwọn òbí kì í tanná lẹ́ẹ̀kan náà. Pseudacorus àti laevigata máa ń ṣáájú, versicolor ń tẹ̀ lé wọn, ensata sì ni ó máa ń gbẹ́yìn. Nítorí náà, ohun tí ó rọrùn jù ni pé kí ẹ tọ́jú ìyẹ̀fun èyí tí ó ṣáájú fún èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ já àpò ìyẹ̀fun, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà nínú yàrá gbígbẹ fún ọjọ́ kan, kí ẹ ká bébà náà, kí ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì fi í sínú ìgò tí ó ní ìdérí dídì pẹ̀lú àpò sílíkà kékeré tí ń fa ọ̀rinrin. Nínú fìríìjì, yóò wà dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nínú fìrísà, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń pa á ni ọ̀rinrin, nítorí náà ẹ má fi sínú ọ̀rá, ẹ sì jẹ́ kí ìgò náà kúrò ní tútù kí ẹ tó ṣí i. Bí ó bá jẹ́ pé ensata ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe bàbá, ẹ lè tọ́jú ìyẹ̀fun rẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀ nínú fìrísà, tàbí kí ẹ wá irú èyí tí ó máa ń yá tanná nínú rẹ̀.

Èso àti kóró

Bí ó bá gbà, ilé ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ó bá kọ̀, yóò di aláwọ̀ ìyeyè, yóò rọ, yóò sì já. Ẹ fi í sọ́kàn pé èso tí ó wú kò fi dandan jẹ́ èso tí ó ní ọmọ nínú. Nínú ìdàpọ̀ àwọn ẹ̀yà tí ó jìnnà síra, oúnjẹ inú kóró tí ó yẹ kí ó bọ́ ọlẹ̀ máa ń kùnà kí ọlẹ̀ náà tó dàgbà, ẹ ó sì ṣí èso ńlá kan láti rí ẹyọ kóró méjì péré, tàbí fùkẹ̀fùkẹ̀ lásán.

Èso máa ń gbó ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Èso áírísì inú omi wúwo, igi rẹ̀ lè tẹ̀ títí yóò fi kan omi, bí ó bá sì là síbẹ̀, kóró yóò léfòó lọ. Nítorí náà, bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó gbó, ẹ wọ̀ ọ́ ní àpò àwọ̀n, kí ẹ sì fi ọ̀pá gbé igi rẹ̀ dúró. Ẹ ká a nígbà tí ó bá yí padà sí àwọ̀ ilẹ̀ tí ṣóńṣó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Àwọn kan máa ń da irúgbìn sínú omi láti mọ èyí tí ó dára: èyí tí ó rì ni wọ́n ń gbìn, èyí tí ó léfòó ni wọ́n ń dànù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí kóró yìí. Afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ èèpo púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n lè léfòó, èyí tí ẹ bá sì dànù lè jẹ́ èyí tí ó dára jù lọ. Ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ wọ́n wò, èyí tí ó bá le tí ó sì kún ni ó ní ohun kan nínú.

Ní ibi tí òtútù ti ń mú gidi, ẹ gbìn wọ́n lójú ẹsẹ̀ sínú ìkòkò tí ẹ gbé síta, kí òtútù fúnra rẹ̀ jí wọn. Ní ibi tí kò ti sí irú òtútù bẹ́ẹ̀, ẹ fi iyanrìn tútù pò wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi wọ́n sínú fìríìjì ní nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Kóró ìdílé Louisiana kò nílò òtútù tó bẹ́ẹ̀. Èèpo rẹ̀ tí ó nípọn ni ó ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà ẹ gbìn ín ní tútù kí ó tó gbẹ, tàbí kí ẹ bó èèpo náà pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀, ìyẹn tí ó ní ásíìdì díẹ̀, ni ó dára jù. Ẹ má fi ẹfun sí i, nítorí pé ensata kò fẹ́ ẹfun rárá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì sábà máa ń jọ ọ́ ní ti èyí. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n tí ó ní omi tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, ní ibi tí ó móoru.

Wọn kì í hù pọ̀. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ hù lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú èyí tí ó gbẹ̀yìn, àwọn mìíràn sì lè dúró di ọdún kejì, nítorí náà ẹ má da ilẹ̀ ìkòkò náà nù. Bí èyí tí ó hù bá funfun pátápátá, kò lè ṣe oúnjẹ fún ara rẹ̀, yóò sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ó pọ́n díẹ̀ ni kí ẹ mú sùúrù fún, nítorí pé bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i ni ewé rẹ̀ lè máa tutù sí i. Bí ewé bá pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lọ́ wọn sí ìkòkò tiwọn, kí ẹ sì fún wọn ní oòrùn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́.

Mímọ ọmọ tòótọ́

Ẹni bíni làá jọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá jọ ìyá rẹ̀ nínú ohun gbogbo gbọ́dọ̀ mú yín ṣiyè méjì. Ó ṣeé ṣe kí oyin ti dé ibẹ̀ ṣáájú yín, tàbí kí àpò ìyẹ̀fun kan ti là kí ẹ tó yọ ọ́. Ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé ó máa ń sọ òtítọ́ kí òdòdó tó dé. Ewé ensata ní igun kan tí ó yọ sókè ní àárín láti ìdí dé ṣóńṣó, ti laevigata sì tẹ́jú láìsí i. Nítorí náà, bí ẹ bá fi laevigata ṣe ìyá tí ẹ sì rí igun yìí lára ọmọ, ìyẹ̀fun bàbá ti ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí jù ni pé kí ẹ mú olódòdó funfun ṣe ìyá, kí ẹ sì mú aláwọ̀ aró ṣe bàbá. Àwọ̀ funfun sábà máa ń fara sin fún àwọ̀ aró, nítorí náà bí ọmọ bá tanná aró, ẹ̀rí rẹ̀ ti hàn.

Ọdún kejì tàbí ìkẹta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tanná fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má fi òdòdó àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, nítorí pé ìdí tí kò tíì wú dáadáa kì í tan òdòdó bí ó ṣe yẹ. Ẹ wò ó fún ọdún méjì. Ẹ wo bí igi rẹ̀ ṣe dúró nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, bóyá òdòdó méjì tàbí mẹ́ta ń tẹ̀ lé ara wọn lórí igi kan, bóyá ewé rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbà títanná, àti bí ó ṣe ń fara da omi tí ẹ gbé e sí. Laevigata lè wà nínú omi jálẹ̀ ọdún. Ensata fẹ́ omi nígbà tí ó ń dàgbà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ lè jẹrà bí ó bá wà nínú omi tútù lásìkò òtútù, ọmọ wọn sì lè jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Fún ọmọ tí ó yàgàn tí ẹ fẹ́ kí ó tún bímọ, àwọn onímọ̀ máa ń lo èròjà colchicine láti sọ kírómósómù rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rí èkejì rẹ̀. Tamberg lo ọ̀nà yìí gan-an. Májèlé tí ó lágbára ni colchicine, ní tèmi kò sì yẹ kí ó wọ ọgbà ilé, níbi tí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn wà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe dípò rẹ̀ ni kí ẹ máa fi ìyẹ̀fun ọ̀kan nínú òbí pa ọmọ náà lọ́dọọdún, nítorí pé òmíràn nínú àwọn tí a pè ní àgàn máa ń so kóró kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí ó wú tí ó ń rákò ní ilẹ̀ ni ẹ óò fi sọ ọ̀kan tí ó dára di púpọ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí ó bá tanná tán, ẹ wú u, ẹ fi ọ̀bẹ gé e kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ewé àti gbòǹgbò, ẹ gé ewé náà kù sí ìdajì, kí ẹ sì tún wọn gbìn kí gbòǹgbò tó gbẹ. Kóró kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé àwọn ọmọ tí ó bá ti inú rẹ̀ wá yóò tún yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé yóò mọ̀ ọ́n sí, ẹgbẹ́ American Iris Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1920, ni ó ń forúkọ irú áírísì yìí sílẹ̀ láti ibi gbogbo, orúkọ ìyá àti ti bàbá sì wà lára ohun tí wọn yóò béèrè.

Àwọn tí ẹ kò bá fẹ́ mọ́ ni ó kù. Ẹ má jù wọ́n sí etí odò, sínú gọ́tà tàbí sínú adágún tí kì í ṣe tiyín, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ àgàn, nítorí pé ìdí wọn lè ta gbòǹgbò láìsí kóró. Ẹ wú wọn tìdí-tìdí, ẹ sá wọn sí oòrùn lórí ilẹ̀ líle títí tí wọn yóò fi gbẹ kangbẹ tí ìdí wọn yóò sì máa ṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ tó dà wọ́n sí ibi tí ẹ ń kó pàǹtírí sí. Bí òjò kò bá jẹ́ kí oòrùn rí wọn sá, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú kí ẹ sì fi wọ́n síbẹ̀ títí tí wọn yóò fi jẹrà.